Ó Wà ní Ìsúndúnrìn

Nígbà tí mo ń ta bàtà ní Àbíjàn, ọ̀nì kan jáde láti inú ọ̀sà lọ́jọ́ kan, ó dúró níwájú ìsọ̀ mi, ó ní kí n wá bàtà tó mọ òun lẹ́sẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ ní bàtà aláwọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú rẹ̀ dùn, àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ wo bàtà náà dáadáa, tó rí i pé awọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Mo sáré títí mo fi dé Èjìgbò. Ìdí tí mo fi padà wálé nìyẹn.

Gbogbo àwa tá a jọ ti Àbíjàn dé, tá a máa ń jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ló mọ ìtàn ọ̀nì yẹn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi lọ, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, bàbá mi ni kí ẹ bi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ọ̀nì nínú.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ló kù sílé pẹ̀lú mi lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Olùkọ́ ìṣirò ni. Ó gboyè ní yunifásítì, ó gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ ìjọba, àràárọ̀ ló sì ń gun ọ̀kadà lọ kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìsúndúnrìn. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú òyìnbó, pé olùkọ́ ìṣirò wọ́n lọ́hùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ń pa irọ́ nínú ilé wa.

Kì í ṣe irọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí àléébù. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ wa. Wọ́n ní kó kọ́ àwọn bí ẹni pé ọmọdé làwọn. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo wà. Ó gé burẹ́dì sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó fi ṣàlàyé ìdá fún wọn, orí àwọn òyìnbó sì ń mì nínú ẹ̀rọ. Èmi ni mo jẹ burẹ́dì náà. Ó ní wọ́n gba òun, ohun kan ló kù. Wọ́n máa pe ọ̀gá òun àtijọ́ kó jẹ́rìí pé òun mọṣẹ́. Bó bá jẹ́rìí, iṣẹ́ dé. Bí kò bá jẹ́rìí, ó tán.

Ọ̀gá yẹn, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìsúndúnrìn tẹ́lẹ̀, ti fẹ̀yìn tì, Másífà ló ń gbé, àgbà ìjọ ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bá a ti ń ṣe níhìn-ín. Ẹni tó ń lọ sí àjò kì í sọ. Aládùúgbò á kàn jí, á bá ilẹ̀kùn ní títì, ará ilé á ní ó lọ oko. Ìgbà tó bá gúnlẹ̀ sọ́hùn-ún ni wọ́n tó ń kéde rẹ̀ nílé. Àjò tí etí bá gbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu á bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ̀. Nítorí náà mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá ọ̀gá ní Másífà, mo sọ ọ́ sí i létí pé ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè bóyá ọmọ mi fẹ́ rìnrìn àjò, kó sẹ́ kanlẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ Èjìgbò lòun náà.

Ìgbà tó yá, ìwé wá sórí fóònù ọmọ mi láti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó ka ìwé náà, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan nípa iṣẹ́ kankan, nítorí náà àwọn kò lè tẹ̀ síwájú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lọ. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

A lọ sí Másífà lọ́jọ́ kejì. Kí a tó jókòó ni ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n pè mí o, Bàbá. Obìnrin kan, ó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọmọ yìí fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kò lọ síbì kankan, Ìsúndúnrìn ló wà, ibẹ̀ ló sì máa wà. Ó tún bi mí, mo tún sẹ́. Kò rí nǹkan kan gbà lẹ́nu mi."

Ó wá ń retí ọpẹ́. Ọmọ mi kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ló sọ. Kò dìde. "Ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló pè yín, sà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó yíjú sí mi. Ewúrẹ́ kan tó wà níta ni mò ń wò.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ẹnikẹ́ni?"

"Èmi ni. Ẹnikẹ́ni ni mo ní."

"Ẹnikẹ́ni náà ni mo dá lóhùn."

Ọmọ mi kọ̀wé sí àwọn òyìnbó. Bó ṣe ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn, n kò mọ̀, n kò sì bi í. Wọ́n gbà pé àwọn á tún pè. Lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí fóònù dún, ó kọ́kọ́ dìde, ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnnì, kó tó gbé e. Òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohùn olè ló fi sọ ọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Iṣẹ́ dé, físà náà dé.

Ọjọ́ tó máa lọ, àpótí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Òṣogbo lábẹ́ àpò gàrí. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ló wọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́. Ó kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà, àdúrà tí mo máa ń ṣe fún un láràárọ̀ náà ni. Ó gun ọ̀kadà. Mo retí kí nǹkan dùn mí. Kò dùn mí. Mo fọ ife tíì rẹ̀, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo jókòó.

Ó pè nígbà tó débẹ̀. Ó ní òtútù ń mú òun, àti pé orúkọ òun gan-an làwọn ọmọ ń pè mọ́ òun lójú ní kíláàsì. Mo ní kó dúró dè mí, mò ń bọ̀ pẹ̀lú pàṣán. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá, ẹ lè sọ fún wọn báyìí. Mo ti dé."

Lẹ́yìn àlàásárì, mo lọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Mo ní ọmọ mi ti wà ní ìlú òyìnbó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò. Wọ́n wò mí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọ̀nì ló gbé e lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú wọn fi ń ṣomi. Òmíràn ní ṣé bàtà mẹ́rin náà ló wọ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn kò bí mi nínú, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ẹni tó dàgbà jù nínú wa bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́, níbo lọmọ wà gan-an? Ó ti pẹ́ tá a ti rí i."

"Ó wà ní Ìsúndúnrìn," ni mo wí.

Gbogbo wọn mi orí. Wọ́n gbà á.