Ìbákà Mi àti Ìjímèrè Ẹ̀yìnkùlé

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá wa láàárọ̀ ní Bàrígà, ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira. Aládùúgbò wa, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja tà, ló ń dáná ní ẹ̀yìnkùlé tí a jọ ń lò, ó sì so ìjímèrè kan mọ́ ìdí igi àgbọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe gbogbo ọ̀bọ ní ìjímèrè, ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ìjímèrè: irun pupa, ẹsẹ̀ gígùn, ojú bí ti àgbàlagbà tí ayé sú.

Ìbákà ni èmi ní, ẹyẹ kékeré tí àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ọmọbìnrin mi ti ń sáré kiri, síbẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún un ní omi tí ẹyẹ tó ń kọrin bá mu ṣẹ́kù, mo sì ń ṣe é. Ìbákà á máa kọrin látàárọ̀, èmi náà á máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e: “Sọ pé màmá. Sọ pé omi.” Ọmọ á wò wá títí, á sì yọ́ lọ sọ́dọ̀ ìjímèrè. Mo jowú ẹranko yẹn bí ìyàwó ṣe ń jowú orogún.

“Ìyàwó, fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣeré,” ni aládùúgbò wa wí.

“Ìbákà tèmi kì í jí ẹ̀pà ẹlẹ́pà, Ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ ni. Kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gbé omi ẹyẹ bọ̀ nígbà tí ìjímèrè na àtẹ́lẹwọ́ sí ọmọ mi. Kò ké, kò fò. Ó kàn ń retí. Ọmọ mi wo ọwọ́ náà, ó fi ẹ̀pà kan nínú èyí tó ń jẹ sí i, ó ní, “Gbà.”

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Aládùúgbò wa yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná. “Ìyàwó, lọ na ọwọ́ tìrẹ.”

Mo lóṣòó ti ìjímèrè, mo na ọwọ́, mo pa ẹnu mi mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ mi tó fi ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. “Gbà.”

Ìbákà ń kọrin, yálà a dáhùn tàbí a kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń ṣe sí ọmọ mi. Mo di olùkọ́ lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọdún tí mo sì fi kọ́ni, bí ọmọ kan bá dákẹ́ ní kíláàsì, àtẹ́lẹwọ́ dúdú ìjímèrè yẹn ni mo máa ń rántí. Mo máa ń bi í léèrè, kí n sì dákẹ́ dè é. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ọmọ mi kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, títí dòní, èsì mi ni pé aládùúgbò kan ni.