Ìgò Oògùn Nínú Agolo Gàrí

Ẹ jẹ́ kí n yáa jẹ́wọ́: èmi ni mo gbé oògùn ìrora Ìyá Ẹ̀pẹ́ pamọ́ sínú agolo gàrí. Èmi tí mo ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Ìpakodò dé Ẹ̀pẹ́, tí ìjì ò dẹ́rù bà, ìgò kékeré kan ló lé mi wọ kọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Ẹ̀pẹ́, àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe wọ́n, ó sì ti dé egungun ẹ̀yìn. Àwọn dókítà ní Èkó ní iṣẹ́ abẹ kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n fún wa ní oògùn olómi, mo sì mú Ìyá wá sílé mi ní Lásunwọ̀n, nítòsí Ìpakodò. Sístà kan láti dìsípẹ́ńsárì máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá wò wọ́n. Ó ní ṣíbí kan ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kí n má dúró de ìrora.

Mi ò gbọ́. Onímọ́tò kan ti sọ fún mi pé ẹni tó bá ń mu irú rẹ̀ lè sùn lọ láìjí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, kò sì sí oògùn nínú ìkankan, ni mo bá gba onímọ́tò gbọ́. Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá ké kí n tó fún wọn.

Láràárọ̀, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ṣé kò sí o?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Inú mi á dùn. Àlàáfíà ni mo ń sọ fún Sístà.

Ìgbà tó yá, ìròyìn dé pé ọmọ wọn obìnrin bímọ ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ. Ìyá ní dandan ni káwọn gbé ọmọ náà lé itan lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àmọ́ ìjókòó pàápàá, wọn ò lè jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, Sístà gbé etí aṣọ ìbora wọn sókè. Ó ti di àkísà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló jẹ aṣọ yìí? Eku?"

"Kò sí eku nílé wa."

"Ìyá ló ń gé e jẹ, kí wọ́n má baà ké. Oògùn wọn dà?"

Mo gbé agolo wá. Gàrí lẹ̀ mọ́ ìgò náà. Sístà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Ṣé ẹ fẹ́ fi mu gàrí ni?"

"Sístà, mò ń bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní a dúpẹ́."

"Kíkí lẹ ń kí wọn! Àgbàlagbà wo lẹ máa kí tí ò ní dúpẹ́?"

Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́, ó dà sílẹ̀, mo tún òmíràn bù. Ìyá wò mí. "Àbí ìwọ lò ń ṣàìsàn ni?" Wọ́n mu ún, wọ́n sùn lọ́sàn-án yẹn, mo jókòó tì wọ́n, mò ń ka èémí. Nígbà tí wọ́n hanrun, díẹ̀ ló kù kí n jó. Wọ́n jí, wọ́n béèrè ẹja, wọ́n bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Èébú yẹn dùn mọ́ mi bí oyin.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún wọn ní ṣíbí ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ti lè jókòó. A wọkọ̀ ní Ìpakodò lọ́jọ́ kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá gbé ọmọ lé itan. Ọmọ tọ̀ sí wọn lára, gbogbo ilé hó. Mo sún mọ́ wọn láàárín èrò, mo tún bi wọ́n bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ìyá, ara ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ti tún ń ta mí. Ṣíbí mi dà, ojo?"