Àwọn Ilé Àtijọ́ ní Bonanjo

Nígbà tí afinimọ̀nà ṣí ilé àtijọ́ kan fún wa ní Bonanjo lóṣù tó kọjá, òórùn pákó tí òjò ti pa ló kọ́kọ́ jáde. Mo mọ òórùn náà láti ìgbà èwe mi. Mo tẹ̀lé àwọn yòókù wọlé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí nǹkan le ní Douala, bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Marché Central, ní kí n bá òun lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n Bonanjo, àdúgbò àwọn ilé àtijọ́, la já sí. Ilé dé ilé la fẹsẹ̀ rìn.

Bàbá mi ń nawọ́ sí wọn: "Àwọn Jámánì ló kọ́ èyí. Ọba àwọn ará Douala ló gbé nínú tọ̀hún."

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà rẹ́rìn-ín sí i, ó ní ṣé ó tún ti dé: "Papa, you don come again?"

Inú mi dùn pé wọ́n mọ bàbá mi níbi gbogbo.

Nígbà tí a ń padà sílé, bàbá mi ní, "Ràfíátù, bí màmá rẹ bá bèèrè, ọjà la lọ o."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, àti pé Bonanjo ló ń rìn kiri lójoojúmọ́.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, màmá mi bi mí pé, "Ọjà ńkọ́?"

Mo ní, "Ó tà, Màmá."

Màmá mi bu ìrẹsì fún bàbá mi, ó fi ẹran kan ṣoṣo tó kù lé e lórí. Bàbá jẹ ẹ́ tán láìgbójú sókè.