Aṣọ Ló Ń Gbé Ilé Wọ̀nyẹn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ni mo kọ́kọ́ pàdé obìnrin tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Onílé Ọgọ́ta. Iléeṣẹ́ omi ni ó rán mi lọ sí ọgbà ọgọ́ta ilé tí ìjọba kọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, pé kí n lọ wo ọ̀pá omi kan tí ó ń jò. Bí mo ti wọ ẹnu ọ̀nà, mo rí aṣọ tí wọ́n sá síwájú àwọn ilé náà lọ́tùn-ún lósì: ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, aṣọ ìbùsùn, aṣọ ilé-ìwé ọmọdé, ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́. Bàtà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo kan ilẹ̀kùn ilé àkọ́kọ́, mo kí wọn kú ilé, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo kọjá sí ìkejì, bákan náà ni. Níbi tí mo ti ń kan ìkẹta ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Ta lẹ ń kí, ọ̀gá olómi? Aṣọ ló ń gbé ibẹ̀. Aṣọ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

Obìnrin gíga kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé garawa omi lọ́wọ́ kan, ó sì to aṣọ tútù sórí èjìká kejì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú mi dé ibi tí omi náà ti ń jò. Ó ní kí n rọra ṣe é, nítorí omi yẹn nìkan ni ayálégbé tí ó tíì rí ọgbà náà wọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Mẹ̀kúnnù ni wọ́n ní àwọn kọ́ ilé náà fún. Ní ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kò sí ẹni tí kò yan ilé tirẹ̀ nínú ọkàn. Nígbà tí ilé parí tí wọ́n sì kéde iye rẹ̀, kálukú jọ̀wọ́ ilé tí ó ti yàn. Owó àkọ́san nìkan ju ohun tí bíríkìlà tàbí aránṣọ lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ lọ, ilé ìfowópamọ́ tí wọ́n sì ní yóò yá àwọn ènìyàn lówó ń béèrè ẹ̀rí owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ló ń jẹ. Àwọn tí ó ní owó náà kò rà á, yàrá rẹ̀ há lójú wọn. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọgbà náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ìjọba kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ilé mẹ̀kúnnù ni, mẹ̀kúnnù ni yóò sì máa fi ojú jẹ ẹ́.

Ilé tí ènìyàn kò bá gbé, olè ni yóò bá wọn gbé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fa wáyà iná jáde láti inú ògiri, wọ́n ń tú gíláàsì fèrèsé. Alábòójútó ọgbà náà, ọkùnrin kan tí kì í bọ́ kóòtù bí ó ti wù kí oòrùn mú tó, gba obìnrin yìí síṣẹ́ pé kí ó máa gbá ilẹ̀, kí ó sì máa ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ọgbọ́n aṣọ sísá, tirẹ̀ ni. Ó kó àkísà jọ kiri àdúgbò, ó tún wọn rán, ó sì ń sá wọn ní àràárọ̀ síwájú ilé kan dé èkejì. Kì í sá aṣọ gbígbẹ. Ó ní aṣọ gbígbẹ kò lè tan olè jẹ. Èyí tí ó bá ń kán omi ni yóò jẹ́ kí olè mọ̀ pé ẹni tí ó sá a kò tíì jìnnà. Ilé kọ̀ọ̀kan ni ó fún ní ará ilé tirẹ̀. Ní ilé kan tí ọmọ ọwọ́ wà, ìtẹ́dìí ni ó kọ́kọ́ ń sá; nígbà tí ó ṣe, ó kó ìtẹ́dìí kúrò, ó fi ṣòkòtò péńpé rọ́pò, nítorí pé ọmọ kì í ṣe ọmọ ọwọ́ títí ayé. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó béèrè bóyá mo ní ṣẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó. Ó ní ọkùnrin tí ń gbé ilé ẹ̀gbẹ́ kànga ti wọ ẹyọ kan ṣoṣo pẹ́ jù, àwọn ènìyàn yóò sì máa rò pé ahun ni.

Olè dáwọ́ dúró. Alábòójútó yin obìnrin náà, ó sì fi òfin kan lé e: ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, kí ó sọ pé àwọn ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Kò sì yọ ẹni tí ó múra dáadáa sílẹ̀, nítorí pé ọkùnrin kan ti wá rí nínú ọkọ̀ dídán, pẹ̀lú táì lọ́rùn, pé òun fẹ́ ra ilé. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí wọ́n fi tú gíláàsì ilé tí ó wọ̀ wò.

Nígbà tí mo mú ṣẹ́ẹ̀tì náà wá fún obìnrin náà, ó mú mi kọjá gọ́tà ńlá tí ó pààlà ọgbà, láti lọ kí ọkọ rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju etí gọ́tà lọ. Ara ògiri tutù, ó ń làágùn bí aláìsàn. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ ibùsùn lé búlọ́ọ̀kù nítorí omi òjò. Lórí ibùsùn yìí ni ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, bíríkìlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gúnrégé nítorí pé kò rẹ́ ògiri kan rí kí ó wọ́. Òun wà nínú àwọn tí ó rẹ́ ilé ọgbà náà. Eruku sìmẹ́ńtì ti bá àyà rẹ̀ jẹ́, ọ̀rinrin yàrá sì ń parí èyí tí ó kù. Dókítà ti sọ pé oògùn kò ní ràn án níbẹ̀, àfi kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ó gbẹ kí òjò tó dé.

Bí ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó gbé orí sókè. "Onílé, ẹ káàbọ̀. Ayálégbé yín ṣì wà láyé o, ẹ má tíì gbé yàrá fún ẹlòmíràn."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn pé kí ó san owó ilé tí ó jẹ kí ó tó máa ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, ni ọkàn àwọn méjèèjì wà. Gúnrégé nìkan ni ó rẹ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹnu to ẹrù sí i tán: ibùsùn níhìn-ín, àga lẹ́bàá fèrèsé kí ó lè máa yá oòrùn. Ilé yìí ni obìnrin náà máa ń gbá kẹ́yìn, kí ó lè pẹ́ níbẹ̀. Aṣọ tí ó bá dára jù ni ó ń sá síwájú rẹ̀.

Ariwo àwọn ènìyàn nípa ilé náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí rédíò fi kéde, nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, pé ìgbìmọ̀ kan yóò wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni ilé ṣófo. Bí ó bá ṣófo, wọn yóò já owó rẹ̀ wálẹ̀, wọn yóò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa san án ní oṣooṣù. Àwọn tí omi ń wọ ilé wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ fún. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sáré kọjá títì lọ bá obìnrin náà pé kí ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò, kí ìhòòhò ilé náà lè hàn.

Ó ká a lóòótọ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, olè ti yọ ẹnu ẹ̀rọ àwọn ilé tí ó wà létí ọgbà, wọ́n sì ti fọ́ fèrèsé ẹ̀yìn ilé ìpẹ̀kun. Ó sọ fún mi pé ibi tí òun fẹ́ gbé ibùsùn ọkọ òun sí gan-an ni òun ti ń ṣa àfọ́kù gíláàsì. Alábòójútó ní kí ó sá aṣọ padà, pé bí ìgbìmọ̀ bá ń bọ̀, wọn yóò kọ́kọ́ fi tó òun létí. Obìnrin náà sì rò ó wò. Láti ìgbà tí ó ti dáyé, ìjọba kò yọ́ wá síbì kankan rí. Bí wọn yóò bá ṣí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, fèrè ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ dé, àwọn oníròyìn a tẹ̀ lé e, wọn a sì kó ọmọ ilé-ìwé síta láti pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n tó kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, òun yóò ti ká aṣọ tán. Ó padà sá a.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kò fọn fèrè. Obìnrin náà wà níwájú ilé ìpẹ̀kun, ó ń fún omi lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin méjì tí ó wọ táì wà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú obìnrin kan tí ó lo awò ojú. Obìnrin yìí yọ orí síta, ó kí i kú iṣẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì béèrè bóyá àwọn ènìyàn ń gbé àwọn ilé náà. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Onílé Ọgọ́ta wo táì, ó wo ọkọ̀, ó rántí gíláàsì tí ó fọ́.

"Wọ́n ń gbé e, ọmọ mi. Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mà?"

"Ilé tiwa rèé. Aṣọ bàbá ni mò ń sá yìí."

"Ṣé ilé náà tura?"

"Ó tura gan-an. Ó gbẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ó sọ fún Gúnrégé bí ó ti lé àwọn olè onítáì padà, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni rédíò gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn fi ojú ara àwọn rí aṣọ níwájú ilé gbogbo, àwọn sì gbọ́ lẹ́nu ìyá kan tí ń gbé ibẹ̀ pé ilé náà tura, ó sì gbẹ. Irọ́ ni àwọn tí ń pariwo ń pa. Owó ilé kò ní yí padà. Obìnrin náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wá tọrọ aṣọ àlòkù. Onígbàjámọ̀ pa rédíò, ó sì fi abẹ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó ń fá. Kò sí ẹni tí ó wo ojú rẹ̀.

Ó lọ bá alábòójútó pé kí wọ́n mú òun lọ síwájú ìgbìmọ̀, òun yóò búra pé òun parọ́. Ọkùnrin náà kò bínú sí i. Ó ní ìwé ti gòkè, ìwé tí ó bá sì ti gòkè kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ó ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Obìnrin náà sọ fún mi pé èébú ìbá sàn ju ìyẹn lọ.

Àdúgbò pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n fún un lówó láti purọ́. Ẹnì kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ ń yá ara wọn láṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni ó ń gbèjà rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni kò yìn ín nígbà tí aṣọ ń lé olè. Gúnrégé kò bá a wí rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí rédíò sọ̀rọ̀, ó pè é súnmọ́ ibùsùn.

"Ìwọ kò purọ́. Ilé yẹn tura, ó sì gbẹ. Èmi ni mo rẹ́ ẹ."

Òjò ọdún náà tètè dé. Omi wọ yàrá wọn, ó dé ìdajì búlọ́ọ̀kù tí ibùsùn dúró lé, kò sì fà kí òjò mìíràn tó kún un. Lórí ibùsùn náà ni Gúnrégé kú sí. Nínú omi ni àwọn tí ó wá gbé e jáde dúró sí.

Ọ̀pá omi tí mo dí tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn òjò, wọ́n sì tún rán mi lọ. Aṣọ wà níwájú ilé gbogbo bí ó ti máa ń wà, ó ń kán omi. Níwájú ilé ìpẹ̀kun ni mo ti rí ẹ̀wù iṣẹ́ kan, tí sìmẹ́ńtì ti gan mọ́ ní àyà àti ní apá. Mo dúró, mo ń wò ó. Obìnrin náà gbé garawa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀wù rẹ̀ ni. Ó rẹ́ ògiri ilé yìí, kò sì sùn níbẹ̀ rí. Àràárọ̀ ni mò ń rẹ ẹ́ sómi kí n tó sá a. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, á rò pé ọkùnrin kan ń gbé ibẹ̀, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni."