Wákàtí Méje láti Dubai sí Kuala Lumpur

Ẹni tó bá ń wá ìjà Nusirat, kó sọ pé ó pẹ́ dé. Láti ọdún tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó kiri ní Thamesmead àti Belvedere ní London, kò pẹ́ dé ilé ẹnikẹ́ni rí. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn bí ọ̀rọ̀ bá ti kan aago.

Nígbà tí Latifah ọmọ rẹ̀ bí ọmọbìnrin ní Kuala Lumpur, níbi tí òun àti Nasir ọkọ rẹ̀ ń gbé, inú Nusirat dùn, ó sì tún bà jẹ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, kò lè kúrò ní London. Ta ni yóò dúró fún ìdílé wọn lọ́jọ́ ìkómọ, tí yóò sọ ọmọ náà ní Saadat, orúkọ màmá Nusirat tó ti dolóògbé?

"Mummy, ẹ kúkú pè é lórí fóònù," Latifah wí.

"Orúkọ màmá mi ò ní gba inú fóònù wọlé. Uncle ẹ Munir ló máa fẹnu ara ẹ̀ pè é, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa bá a pè é. Ṣebí Dubai ló wà, Asia kan náà ni gbogbo yín wà."

Munir, àbúrò Nusirat, ní ọ̀nà náà jìn ju London sí Èkó lọ. Nusirat rò pé ó ń wá àwáwí ni. Ó wò ó lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì ní Woolwich, ó rí i pé wákàtí méje ni bàálù ń lò, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bàálù yóò gbéra ní Dubai laago méjì òru. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìkómọ.

"Auntie, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa time ibẹ̀."

"Munir, méjì àti méje, mélòó ni? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní aago? Pack your bag, jàre."

Munir bá di ẹrù rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n Nusirat ò fẹ́ gbọ́ ti ẹnìkankan. Ó fọkàn balẹ̀ sùn. Bó ṣe kí ìrun àsùbá tán, ó pe Latifah, ó ń dẹtí sí ohùn Munir.

"Mummy, a ti parí. Àlfáà bèèrè ẹni tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n bá fi orúkọ ìyá Nasir sọ ọ́."

"Munir wá dà? Ó yẹ kó ti dé látàárọ̀."

"Ó ṣì wà nínú bàálù. Aago ibí fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Dubai. Aago kan ọ̀sán ló máa balẹ̀."

Inú bí Nusirat gan-an. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bú Munir, ó fẹ́ bú àlfáà, ó fẹ́ bú àwọn àna, kò rí èyí tí ẹ̀bi náà bá lára mu nínú wọn. Ó wá kọjú sí ọmọ tó bí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ò lẹ́nu ni? Kí ló dé tí o ò pe orúkọ náà?"

"Ẹ ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa bá Uncle pè é. Mo gbé ọmọ dání, Mummy, mo ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe àmín."