Ọbẹ̀ Ìlasa Ìyàwó Wa

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí ní Èrúwà, ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ fún èèyàn pé ohun tó gbà gbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Lórí Wásáàpù ìdílé wa, bí ẹnì kan bá ti fi ọ̀rọ̀ tí kò jóòótọ́ ránṣẹ́, ìka á ti máa yún mi.

Ní Jímọ̀ kan, àbúrò ìyá mi fi fọ́tò ọbẹ̀ ìlasa síbẹ̀. Ó ní ewé ilá yìí ló ń fún ìlú wa ní ìbejì, pé obìnrin tí kò bá bí ìbejì ní Igbó-Ọrà, ìlasa tó ń jẹ ni kò tó. Ó wá gbàdúrà kí ìbejì má wọ́n nílé wa. Gbogbo ilé ń dáhùn pé, “Àmín, yáà Rọ́bì.”

Mo jókòó, mo kọ èsì tó gùn. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ewé kan ń fúnni ní ìbejì. Mo ní tí ẹyin méjì bá jáde lára obìnrin lẹ́ẹ̀kan náà, ìbejì tí kò jọra lè tibẹ̀ wá, àti pé ìdílé obìnrin ni irú èyí sábà máa ń tẹ̀lé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́. Inú mi dùn sí i.

Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin wà nínú gúrúùpù náà, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn wá. Láti ìgbà tó ti wọlé wa ni ìyá mi ti ń bu ìlasa fún un, ó sì ń jẹ ẹ́. Mo mọ gbogbo èyí, kàn jẹ́ pé kò wá sí mi lọ́kàn.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

“O ṣé o, tíṣà mi. Ṣé ẹ gbọ́? Èmi ń da ara mi láàmú lórí ewé, àṣé ìdílé ìyàwó wa ni kò ní ìbejì!”

Ẹ̀rín sọ. Mo sáré kọ ọ́ pé bíbí ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà, ojú sì tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ Igbó-Ọrà. Mo bá ìyàwó wa níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí fún mi. Mo ní kó má bínú, pé òun kọ́ ni mo ní lọ́kàn.

“Mi ò bínú, Àǹtí. Òótọ́ lẹ kọ,” ló wí, kò gbójú sókè. “Tẹ́lẹ̀, ìlasa tí mò ń jẹ ni wọ́n ní kò tó. Ní báyìí, èmi gan-an ni mi ò tó.”