Mo Wá Wáífáì Dé Ìta Fáàjì

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti gbé kọ̀ǹpútà mi sínú ẹ̀wù, mo fi ìborùn bò ó. Ẹni tó bá rí mi á rò pé mo lóyún ni. Kó rò ó. Ìfura loògùn àgbà, gbogbo ẹni tó sì mọ Èkó ló ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá ẹnikẹ́ni ṣe wọlé-wọ̀de níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ohùn àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà nílé láti ìgbà tí iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ti kógbá wọlé. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé tí nẹ́tíwọ̀kì bá já lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíì ló kàn. Ẹ̀yin ará ilé náà mọ nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wa. Kéèyàn tó lè fi àwòrán kan ránṣẹ́, á kọ́kọ́ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ni mo bá ní kí n lọ wá káfé tó ní Wáífáì l'Ékòó, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì aláìní-wáyà tí wọ́n ń pín fún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n gbà dé Ọbáléndé. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ la gbà, ó sì dára. Ìgbà tí a dé Ajah ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Dẹ́rẹ́bà bi mí pé, "Àǹtí, ibo lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀?"

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Kí n má baà gbé yín kọjá ni o."

Mo tún fa ìborùn bo ikùn mi.

Ní Láfíàjì, mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kọ Wáífáì sára ògiri rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wákàtí kan. Bí mo ṣe sanwó tán, ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ní kí n tẹ ìmeèlì mi àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbì kan. Mo ní kí ló fẹ́ fi pásíwọ́ọ̀dù mi ṣe. Ó ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kí gbogbo èèyàn máa bá a lọ, mo fi owó mi sílẹ̀ fún un.

Mo rìn dé Màrínà. Káfé tibẹ̀, gíláàsì ni láti òkè délẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù bí ìdí àmù. Ohun tí wọ́n ń pè ní láté, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Kọfí tí wọ́n da mílíìkì bò ni. Owó yẹn á gbọ́ oúnjẹ ọjọ́ méjì nílé wa. Mo dán fídíò wò, ó ń dá dúró. Ọkùnrin kan tó wọ táì wá dìde níbi tó wà, ó wá jókòó gẹ́lẹ́ sẹ́yìn mi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo dìde. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé tí mo fi rí i pé ibi tó máa ki wáyà fóònù rẹ̀ bọ̀ ló ń wá. Síbẹ̀ mi ò padà.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ sọ́dọ̀ Alhaja tó ń ta tíì ní Ìta Fáàjì. Nẹ́tíwọ̀kì tiẹ̀ máa ń sáré." Mo wò ó tìfura-tìfura, ṣùgbọ́n aago kan ti lù.

Ilé àtijọ́ ni ilé náà, tábìlì mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Alhaja á ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ra ẹ̀rọ Wáífáì náà kí ó lè máa rí ojú ìyá rẹ̀, ìyá sì sọ ọ́ di ọjà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní mo fẹ́ pásíwọ́ọ̀dù.

Wọ́n ní, "Kí lorúkọ ẹ? Ọmọ ibo ni ẹ́? Ta ni bàbá ẹ? Ẹni tí kò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tíì nìkan ló máa mu níbí."

Nílé wa, ẹni tó bá wá tọrọ ìyàwó là ń bi bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní Ìjẹ̀bú lówó, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo àpò mi. Mo ní, "Bùkọ́lá ni mí mà, ọmọ Ìbàdàn. Bàbá mi ti kú."

"Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ," ni Alhaja wí. "Ìbàdàn ni wọ́n ti bí ìyá tèmi náà."

Àbúrò ọkọ wọn, bàbá àgbàlagbà kan, yọjú láti orí àtẹ̀gùn. Ó ní ta ni eléyìí tó gbé kọ̀ǹpútà wá, ṣé kì í ṣe ọmọ yàhúù. Láìpẹ́ yìí ni àwọn oníjìbìtì kan jókòó síbẹ̀, tí ọlọ́pàá sì wá yẹ gbogbo ilé wò. Alhaja ní, "Ọmọ ìlú ìyá mi ni. Mo dúró fún un." Wọ́n kọ pásíwọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà fóònù wọn sí pépà fún mi.

Ní aago méjì, fídíò ṣí, ó ń lọ geere. Ọmọ Yorùbá lobìnrin tó ń bi mí léèrè. Ó ní kí n dárúkọ mi ní kíkún. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní òun ò gbọ́, kí n sọ̀rọ̀ sókè. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní, "Adéọlá Ògúnsànyà, láti Ìjẹ̀bú-Òde." Ó ní ta ni àwọn lè pè tí àwọn bá wá mi tì. Mo ní bàbá mi, mo sì ka nọ́ńbà wọn. Alhaja ń gbé tíì kalẹ̀ síwájú mi lọ́wọ́, bàbá náà sì wà lórí àtẹ̀gùn.

Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi sọ̀rọ̀, kò já lẹ́ẹ̀kan. Alhaja dúró kí n parí.

Wọ́n ní, "Bàbá tí mo ṣàdúà òkú fún, ṣé òun ni wọ́n máa pè lórí fóònù?"

Mo kúnlẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rù Èkó ló bà mí."

"Èmi tí mo dúró fún ẹ lójú ẹbí ọkọ mi ńkọ́? Ẹ̀rù ò yẹ kó ba èmi náà?"

Wọ́n gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà owó tíì, búrẹ́dì àti ẹyin. Mo ní ó dàbọ̀ mà. Wọ́n kó ife tíì, wọ́n wọlé. Bàbá náà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Ojú ni mí tì, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí mo délé. Bàbá mi ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ara wọn le koko, wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó jà mí lólè l'Ékòó. Mo ní kò sí. Kí n tó bọ́ bàtà ni lẹ́tà ti wọlé sórí fóònù: wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Ilé hó. Bàbá mi ń súre fún ẹni tó ràn mí lọ́wọ́, wọ́n sì ń bi mí pé ta ni.

Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ń wo gbogbo èèyàn bí olè, ó yẹ kó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ náà. Mo wọ yàrá, mo pe nọ́ńbà tó wà lórí pépà náà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mà. Adéọlá Ògúnsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá mi wà láàyè."

Mo gbọ́ tí Alhaja gbé ife tíì kan kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti délé?"